Adíhò Ni Àbí Ara Ọ̀dà? Ìyẹ̀ Òkúta àti Ìwà Ọ̀dà Títì

Mo rí i pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ rárá. Títì ló dá yín dúró, ọ̀rọ̀ títì náà ni mo sì bá wá.

Nígbà tí akọ̀wé ìpàdé yìí pè mí láti béèrè ohun tí màá sọ̀rọ̀ lé lórí, mo ní ìyẹ̀ òkúta ni. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan tó tóbi ju ìyẹ̀ lọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó fún mi ní wákàtí kan, pé tí mo bá parí, kí òun fúnra rẹ̀ sọ bí ó ṣe tóbi tó.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ìyẹ̀ òkúta tí à ń dà mọ́ ọ̀dà kí a tó tẹ́ ẹ sójú títì, ṣé adíhò lásán ni, àbí ó ti di ara ọ̀dà fúnra rẹ̀? Ìbéèrè náà lè dà bí eré, ṣùgbọ́n owó àti ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ adíhò ni, ìyẹ̀ yòówù tó bá ti kúnná yóò ṣe é. Ẹni tó bá rí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ara ọ̀dà ni, a jẹ́ pé ẹni tó yí ìyẹ̀ padà ti yí ọ̀dà padà, ìbáà ṣe pé ọ̀dà kan náà ló rà. N kò ní fi èsì mi pamọ́ dé ìparí: ara ọ̀dà ni. Ohun tó kù ni kí n fi hàn yín ní ìpele mẹ́fà.

1. Kí a kọ́kọ́ sọ nǹkan lórúkọ

Orúkọ mẹ́rin ni mo fẹ́ kí á fẹnu kò lé lórí.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò lẹ́nu wa: ọ̀dà là ń fi kùn ògiri, ọ̀dà là ń tẹ́ sí títì. Èyí tí mo ń wí ni ọ̀dà dúdú, bítúmẹ́ẹ̀nì, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ nígbà tí ilé ìfọpo bá ti yọ bẹntiróò, kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì kúrò lára epo rọ̀bì. Ìwà rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ooru bá mú un, á máa ṣàn bí oyin. Bí òtútù bá mú un, á gan, á sì máa ṣẹ́. Bí ẹrù bá kọjá lórí rẹ̀ wìrì, á ṣe bí ohun líle. Bí ẹrù kan náà bá dúró pẹ́ lórí rẹ̀, á rọra sá fún un. Nígbà tí mo bá sọ pé "ìwà ọ̀dà" nínú ọ̀rọ̀ mi, ohun tí mò ń wí nìyẹn: kíki rẹ̀, líle rẹ̀, nínà rẹ̀, àti bí ó ṣe di òkúta mú tó.

Èkejì ni àdàlù. Àdàlù tí a mọ̀ ni ẹ̀wà àti àgbàdo. Títì náà ní tirẹ̀: òkúta fífọ́, iyanrìn, ìyẹ̀, àti ọ̀dà, tí wọ́n pò pọ̀ nínú ooru tó tó 150°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 kílò àdàlù tó wọ́pọ̀, ọ̀dà kì í ju kílò 5 tàbí 6 lọ. Òkúta àti iyanrìn ló kó èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta ni ìyẹ̀ òkúta. Mo yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn babaláwo, tí wọ́n ń pe lẹ́búlẹ́bú orí ọpọ́n wọn ní ìyẹ̀ ìrosùn. Nínú iṣẹ́ wa, ìyẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá kọjá nínú ajọ̀ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.075 mìlímítà; ní Yúróòpù, 0.063 ni wọ́n ń lò. Ojú ajọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìnípọn irun orí kan lọ. Ìyẹ̀ lè ti ara òkúta gíráníìtì wá, tàbí ara òkúta ẹfun. Ó lè jẹ́ sìmẹ́ńtì, tàbí ẹfun tí wọ́n jó tí wọ́n sì bu omi pa. Nínú 100 kílò àdàlù, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi kílò 4 sí 8. Ẹ kíyè sí i: nínú ọ̀pọ̀ àdàlù, ìyẹ̀ wúwo tó ọ̀dà, tàbí kó tilẹ̀ jù ú lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀dà oníyẹ̀, ọ̀dà tó ti gba ìyẹ̀ mọ́ra. Inú orúkọ yìí ni gbogbo ẹjọ́ mi wà. Awọ ọ̀dà tó máa ń bo òkúta kọ̀ọ̀kan nínú àdàlù kò nípọn ju nǹkan bíi 0.008 mìlímítà lọ. Hóró ìyẹ̀ tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ yóò yọrí, yóò ṣe iṣẹ́ òkúta kékeré. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ yóò rì sínú ọ̀dà, yóò sì máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, láàárín òkúta kan àti èkejì, kò sí ibi kankan tí ọ̀dà lásán wà. Ọ̀dà lásán, inú àgbá nìkan ló ń gbé. Ojú títì, ọ̀dà oníyẹ̀ ló wà níbẹ̀.

2. Adágún tó ti po ọ̀dà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ní erékùṣù Trinidad, ní ibi tí wọ́n ń pè ní La Brea, adágún ọ̀dà kan wà tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Ní 1595, Walter Raleigh, atukọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ọ̀dà náà dí ara ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Ní 1876, ọ̀dà láti inú adágún yìí ni wọ́n fi tẹ́ apá kan Pennsylvania Avenue ní Washington, títì tó lọ sí ilé ààrẹ Amẹ́ríkà.

Bí a bá se ọ̀dà Trinidad títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, díẹ̀ ló fi ju ìlàjì lọ tí ó jẹ́ ọ̀dà gidi. Ìdá 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ erùpẹ̀ tó kúnná, tí amọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ti po ọ̀dà yìí mọ́ ìyẹ̀ rẹ̀ kí ènìyàn tó débẹ̀. Àwọn atẹ́títì ìgbà náà ń lo ọ̀dà oníyẹ̀ láìfún un lórúkọ kankan.

Nígbà tó yá, ọ̀dà ilé ìfọpo dé, ó mọ́ kedere, kò ní hóró kan nínú. Ẹni tó bá rò pé mímọ́ yẹn yóò sọ ọ́ di ọ̀dà tó dára jù, títì ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n: a níláti wá ìyẹ̀ dà sí i. Clifford Richardson, tó ṣe olùbẹ̀wò ọ̀dà ní Washington, tó sì tẹ ìwé The Modern Asphalt Pavement jáde ní 1905, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé ohun tí ìyẹ̀ ń ṣe ju dídí ihò lọ, pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọ̀dà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí wọ́n ti béèrè ìbéèrè tí mo gbé wá sí gbọ̀ngàn yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ tiwa náà. Ní Àgbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀dà wà nínú ilẹ̀, iyanrìn àti erùpẹ̀ sì mu ún yó. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fi ọ̀dà Àgbábù tẹ́ títì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi í ni: ta ni o bá wá?

3. Ààyè ló ń ṣiṣẹ́

Báwo ni ìyẹ̀ ṣe ń yí ìwà ọ̀dà padà? Ohun àkọ́kọ́ ni bí ara hóró ṣe fẹ̀ tó; ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ẹ mú òkúta kan tó rí bí ṣúgà oníhóró, tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Ojú mẹ́fà ló ní, ara rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó. Ẹ wá lọ̀ ọ́ títí hóró kọ̀ọ̀kan yóò fi jẹ́ 0.01 mìlímítà. Hóró náà á di bílíọ̀nù kan, ara wọn lápapọ̀ á sì di sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6,000. Ìyẹn fẹ̀ tó ẹní ọmọdé. Òkúta kan náà ni, a ò fi nǹkan kan kún un, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dà níláti bò ti fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún pọ̀ sí i.

Ohun kejì ni ààyè láàárín hóró. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ̀ pé èlùbọ́ méjì kì í gba omi bákan náà. Agolo kan náà lẹ fi wọ̀n ọ́n, omi kan náà lẹ gbé kaná. Ọ̀kan rọ̀ dẹ̀dẹ̀, èkejì le bí òkúta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1947, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Rigden gbé irú ìbéèrè yìí ka orí ìyẹ̀. Ó kó ìyẹ̀ gbígbẹ sínú kòròfo irin kékeré kan, ó gún un títí tí kò fi lè wọlẹ̀ mọ́, ó wá ṣírò ààyè tó ṣẹ́ kù láàárín hóró. Ó ní ọ̀dà tó bá wọ inú ààyè yẹn ti há. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló lè ṣàn. Mo fẹ́ máa pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀dà ẹlẹ́wọ̀n, kí n sì máa pe èkejì ní ọ̀dà olómìnira. Ọ̀dà olómìnira ló ń jẹ́ kí àdàlù ṣeé tẹ̀ pẹrẹsẹ, òun náà ló sì ń jẹ́ kí títì nà díẹ̀ kí ó tó sán.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó. Fún ìyẹ̀ òkúta ẹfun lásán, ààyè yìí lè jẹ́ nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé hóró tó gba ààyè 65 yóò ti ọ̀dà 35 mọ́lé. Fún ẹfun tí a jó tí a sì bu omi pa, ó lè tó ìdá 65: hóró 35 péré yóò ti ọ̀dà 65 mọ́lé. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé hóró ẹfun kan ń ti ọ̀dà mọ́lé ju ìlọ́po mẹ́ta ti òkúta ẹfun lásán lọ. Ẹni tó bá sọ pé "ìyẹ̀ kílò 6 ni, ìyẹ̀ kílò 6 náà ni" ti fi òṣùwọ̀n dá ara rẹ̀ lójú, kò mọ ohun tó rà.

Ọgbọ́n àgbà onímọ̀ kan tún gbè mí lẹ́yìn. Láàárín 1906 àti 1911, Albert Einstein ṣírò bí ohun tó ń ṣàn ṣe ń ki sí i nígbà tí hóró líle díẹ̀ bá léfòó nínú rẹ̀. Bí hóró náà bá gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ààyè, kíki rẹ̀ yóò fi ìdá 25 pọ̀ sí i. Nínú ìṣirò náà, kò síbi tó ti béèrè bí hóró náà ṣe wúwo tó. Ààyè tí ó gbà nìkan ló béèrè. Nínú ọ̀dà oníyẹ̀, ìyẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, hóró á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá èjìká. Ẹ rántí dánfó: èrò mẹ́rin wọlé, olúkúlùkù jókòó bó ṣe wù ú, nígbà tó bá kún, ẹni tó fẹ́ mú owó nínú àpò níláti bẹ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kíki ọ̀dà ṣe máa ń fò sókè lójijì bí ìyẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n kan.

Adíhò kì í ṣe irú èyí. Adíhò á dí ihò, á sì jẹ́ kí ẹni tó ni ilé máa ṣe bó ṣe ń ṣe. Èyí wọ inú ilé, ó sì yí ìwà onílé padà.

4. Oòrùn ọ̀sán àti táyà tírélà

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní yàrá àyẹ̀wò lọ sójú títì. Ọ̀dà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni 60/70. Orúkọ yẹn ti ara abẹ́rẹ́ kan wá. Wọ́n á mú ọ̀dà náà wá sí 25°C, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ tí òun àti ẹrù orí rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 100 lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 5, wọ́n á sì wo bó ṣe wọlé tó. Bó bá wọlé tó mìlímítà 6 sí 7, 60/70 nìyẹn. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 50°C. Bẹ́ẹ̀, ojú títì wa lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè kọjá 60°C.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lágogo méjì ọ̀sán, nígbà tí tírélà onísìmẹ́ńtì ń rá pálá gun òkè, ọ̀dà lásán ìbá ti máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ohun méjì ni kò jẹ́ kó ṣàn lọ: òkúta tó di ara wọn mú, àti ìyẹ̀ tó ti mú ọ̀dà ki. Níbi tí ìyẹ̀ bá ti kéré jù, ẹ ó rí ipa táyà tó jìn bí ojú àgbàrá, ẹ ó sì rí ọ̀dà tó ń làágùn sójú títì, tó ń dán, tó ń yọ̀. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún òun.

Ṣé ká wá rọ ìyẹ̀ sí i títí? Rárá o. Iyọ̀ tó mú ọbẹ̀ dùn náà ló ń bà á jẹ́. Bí ìyẹ̀ bá pọ̀ jù, ọ̀dà olómìnira á tán. Àdàlù á gbẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀títì á lọ á bọ̀ lórí rẹ̀, kò ní pọ̀ mọ́ra dáadáa. Títì náà á le lójú, ṣùgbọ́n líle gbígbẹ ni. Bí ẹrù bá ti tẹ̀ ẹ́ tó sì dìde, tó tẹ̀ ẹ́ tó sì dìde, á sán. Nítorí èyí ni ìlànà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Superpave fi fi ìwọ̀n sí i: bí a bá fi ìwúwo ìyẹ̀ wé ìwúwo ọ̀dà tó ń ṣiṣẹ́, kí ó wà láàárín 0.6 sí 1.2 fún àdàlù tó wọ́pọ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣìnà nínú rẹ̀? Ó rọrùn gan-an. Ẹ jẹ́ ká sọ pé tírélà kan gbé àdàlù tọ́ọ̀nù 30. Bí ìwọ̀n ìyẹ̀ bá fi ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, kílò 600 nìyẹn, àpò sìmẹ́ńtì 12. Ojú kò lè rí i. Àdàlù dúdú ni ti àná, dúdú ni ti òní. Nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po àdàlù, afẹ́fẹ́ máa ń gbé ìyẹ̀ jáde kúrò nínú àgbá gbígbóná, àwọn àpò aṣọ ńlá á sì gbà á kó má baà bo àdúgbò. Bí wọ́n bá dá ìyẹ̀ yẹn padà sínú àgbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá jẹ́ kó jọ fún wákàtí méjì, tí wọ́n wá dà á padà lẹ́ẹ̀kan náà, tírélà kan á jáde tí ìyẹ̀ rẹ̀ kò tó, òmíràn á jáde tí ìyẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi ara yín léèrè ìdí tí títì kan náà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà, fi bàjẹ́ níbìkan tó sì dára ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ogún síbẹ̀, ẹ fi èyí kún ìdí tẹ́ ẹ mọ̀.

5. Omi ni ẹlẹ́rìí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹ̀ jẹ́ ara ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá títì.

Ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ẹnjiníà, wọ́n rán mi lọ síbi títì kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Nínú òjò ọdún náà, ìyẹ̀ gíráníìtì wọn wọ́n, agbaṣẹ́ṣe sì ní kí típà lọ kó òmíràn wá láti ibòmíràn. Mo jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀, ó kọjá. Mo wọ̀n ọ́n, ó pé. Mo buwọ́ lùwé. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tẹ́ ọ̀dà, kò ka ìwé púpọ̀. Ó bu ìyẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ta omi díẹ̀ sí i láti inú ike tó ń mu, ó fi àtàǹpàkò pò ó, ó sì yí i títí ó fi gùn bí ejò kékeré, tí kò sì já.

Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan yìí."

Mo ní, "Bàbá, ó kọjá nínú ajọ̀ o."

Ó wò mí, ó ní, "Amọ̀ náà a máa kọjá nínú ajọ̀, sà."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mo ti buwọ́ lùwé, típà sì ti tò. Òjò ọdún kejì kò tíì parí tí kòtò fi bẹ̀rẹ̀ sí í là lójú títì náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mú òkúta kan nínú kòtò kan. Ó mọ́ tónítóní, ó funfun, bí ẹ̀pà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò fojú kan ọ̀dà rí.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Amọ̀ máa ń mu omi, á sì wú. Nígbà tó jẹ́ pé inú ọ̀dà ló wà, inú ọ̀dà ló ti wú. Ó gba omi lálejò sí ibi tí omi ò yẹ kó dé. Ká ní adíhò lásán ni, ihò rẹ̀ nìkan ni ìbá bàjẹ́. Lónìí, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń mú irú amọ̀ yìí: wọ́n á máa kán aró búlúù kan sínú ìyẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n á sì wo iye aró tó mu. Amọ̀ burúkú á mu aró bí aṣọ òwú. Ìyẹ̀ òkúta gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Àwọn aláró Abẹ́òkúta á gbọ́ èyí yé láìsí ògbufọ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: ìyẹ̀ tó ń gba ọ̀dà lọ́wọ́ omi. Gíráníìtì, tó pọ̀ ní ilẹ̀ wa, fẹ́ràn omi ju ọ̀dà lọ. Bí omi bá ráyè, á rọra bó ọ̀dà kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo ọṣẹ dúdú: eérú èèpo kòkó àti àdí ló para pọ̀ di í, bí omi bá sì kàn án, á yọ́. Ẹ wá rántí kànga kan báyìí tí ọṣẹ kì í hó nínú omi rẹ̀, tó jẹ́ pé gèdẹ̀gẹ̀dẹ̀ funfun ló ń léfòó. Ẹfun inú omi náà ló gbá ọṣẹ mú, ohun tí wọ́n jọ dì kò sì lè yọ́ nínú omi. Irú rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú títì. Ọ̀dà ní àwọn èròjà kíkan díẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá pàdé ara gíráníìtì, ìdè tí wọ́n ń dì lè jẹ́ èyí tí omi ń tú. Bí wọ́n bá pàdé ẹfun, wọ́n á di ìdè tí omi kò lè tètè tú. Láti nǹkan bí ọdún 1970 wá ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń fi ẹfun tí wọ́n bu omi pa sínú àdàlù, kílò 1 sí 1.5 nínú 100 kílò, nítorí bíbó yìí. Wọ́n tún rí i pé ẹfun náà kì í jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbó.

Ní tiwa, òkúta ẹfun kò jìnnà. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fi ti Ewékorò ṣe sìmẹ́ńtì; Ṣàgámù náà ní tirẹ̀. Òkúta tó lè ran gíráníìtì wa lọ́wọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ títì tí à ń sunkún lé lórí.

6. Ẹjọ́ àwọn tó ń jiyàn

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn. Wọ́n á ní, "Ẹrù àpọ̀jù ló ń ba títì wa jẹ́, gọ́tà tó dí ló ń bà á jẹ́, owó tí wọ́n ń jẹ ló ń bà á jẹ́. Kí ló kan ìyẹ̀?" Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ìyẹ̀ tó lè gba títì tí omi ń sùn lé lórí là, kò sì sí èyí tó lè ru ohun tí ìpìlẹ̀ kò lè rù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nígbà tí ẹrù dé, ta ló kọ́kọ́ pàdé? Nígbà tí omi dé, ara ta ló wá láti wọ̀? Ọ̀dà oníyẹ̀ ni. Ẹrù àti omi ló ń dán an wò. Ìyẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bóyá yóò yege.

Àwọn mìíràn á ní, "Bí ọ̀dà bá ti dára, ó tán." Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀dà lásán, wọ́n ń fi ìwé-ẹ̀rí ilé ìfọpo hàn. Mo ti dá wọn lóhùn ní ìpele kìíní: ọ̀dà tí wọ́n yẹ̀ wò kò sí lójú títì. Ó dà bí ẹni tó tọ́ omi gbígbóná wò, tó sì búra pé àmàlà rọ̀.

Àwọn kẹta á sọ ti owó. Ọ̀dà ló gbówó lórí jù nínú àdàlù. Ìyẹ̀ ló ń wá bí àjẹkù ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Nítorí pé owó rẹ̀ kéré ni ojú wa fi fò ó. Owó ohun kan àti agbára ohun kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Kí ni ká wá ṣe? Mo bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mẹ́ta, kò sí èyí tó nílò ẹ̀rọ olówó gegere. Ìkíní, kí ìwé àdéhùn títì máa dárúkọ ìyẹ̀ bí ó ṣe ń dárúkọ ọ̀dà: òkúta wo, láti ibo, kí ó má sì yí padà láìjẹ́ pé a tún àyẹ̀wò ṣe. Ìkejì, kí a máa wọn ààyè tí ìyẹ̀ ń gbà àti ààyè tó wà láàárín hóró rẹ̀, kí a má fi òṣùwọ̀n ìwúwo nìkan ṣèdájọ́. Ìkẹta, kí a máa rẹ àdàlù sómi kí a tó tẹ́ ẹ, kí a sì wo ohun tó bó. Kí òjò má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Alága, mo ti dé òpin. Mo béèrè pé adíhò ni àbí ara ọ̀dà. Adágún Trinidad ti jẹ́rìí, èlùbọ́ ti jẹ́rìí, oòrùn ọ̀sán ti jẹ́rìí, òjò náà sì ti jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni bàbá yẹn, pẹ̀lú ejò amọ̀ kékeré tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ Einstein, kò gbọ́ orúkọ Rigden rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ohun tí òun fẹ́ pò mọ́ ọ̀dà, ọ̀dà ni yóò dà, nítorí náà ó fọwọ́ kàn án kó tó gbà á. Èmi tí mo ní ajọ̀ àti òṣùwọ̀n lọ́wọ́, mo buwọ́ lùwé. Láti ọjọ́ náà, n kì í gba ìyẹ̀ kankan láìta omi sí i.

Kí títì tí yóò gbé yín délé dára ju èyí tó gbé yín wá lọ.